Ẹ má fín oògùn sí kòkòrò dúdú yẹn o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí ẹ bá ti ṣí ògúlùtu nínú oko yín, kòkòrò dúdú ẹlẹ́yìn líle (tí òyìnbó ń pè ní ground beetle) á máa sá kìjokìjo lábẹ́ rẹ̀, ẹ wá ń bèèrè oògùn tí ẹ máa fín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Èmi fín in rí, ojú mi rí màbo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òkú wọn lọ bẹẹrẹ nílẹ̀, inú mi dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ohun tí mo gbìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, bíi pé ẹnì kan ń fi abẹ gé e nídìí. Ìdin tó ń gé e wà nínú ilẹ̀ ní tiẹ̀, oògùn ò kàn án. Àwọn kòkòrò dúdú tó ń dọdẹ rẹ̀ lóru ni mo ti pa tán. Ìlà méjìlá gbáko ni mo tún gbìn.

Mo wá gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mi ò fín lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀kan nínú kòkòrò dúdú náà ti di ìdin mú láàárín, ìdin tó gùn jù ú lọ, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń wọ́ ọ lọ bí ajá tó rí egungun. Wọ́n ń jẹ ìgbín tí kò ní ìkarahun náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé èso èpò gan-an ni oúnjẹ wọn.

Ní ti ike tí ẹ ní ẹ rì mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè já sínú rẹ̀, kí ẹ fi mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, àmọ́ tí kò mú nǹkan kan: bí ẹnu rẹ̀ bá yọ díẹ̀ lókè ilẹ̀, wọn á kàn yí i ká kọjá ni. Ẹ jẹ́ kó bá ilẹ̀ dọ́gba, ẹ gbé pátákó bò ó kí òjò má kún un. Èyí tó ń rìn kiri nìkan ni ike ń mú ṣá o. Tí òtútù bá mú, wọ́n lè pọ̀ nílẹ̀ kí ike ṣófo.

Etí oko tí mi ò ro mọ́ ló dá àwọn kòkòrò tèmi padà. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè fò, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi wọ oko, nítorí náà mo wa erùpẹ̀ jọ gbọọrọ sáàárín oko, mo jẹ́ kí koríko bò ó. Mo sì dín ilẹ̀ títú kù, torí inú ilẹ̀ lọmọ wọn ń gbé. Ọdún kejì ni mo tó tún rí wọn dáadáa.

Tí ẹ bá rí èyí tí orí rẹ̀ pupa tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bí aró, ẹ má fọwọ́ lásán mú un. Ó ń fi ìdí tu omi gbígbóná. Ó ti jó mi níka rí.