Àpò hydatid nínú ọpọlọ ọmọ: ẹ má gún un

Ẹni tó béèrè pé ṣebí omi lásán ló wà nínú àpò hydatid (àpò omi tí aràn ajá ń dá sínú ara), kí ló dé tí a kì í kàn fi abẹ́rẹ́ fa á: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Omi náà mọ́ gaara lóòótọ́, àmọ́ orí aràn wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí wà nínú rẹ̀. Ibi tó bá ta sí ni àpò tuntun ti lè yọ. Ara ọmọ sì lè kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Odidi la ń yọ ọ́. Ọgbọ́n Dowling, oníṣẹ́ abẹ ará Ajẹntínà, ni wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀ àti ní Tọ́kì, níbi tí ajá àti àgùntàn ti ń kó aràn Echinococcus ran ara wọn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró wò. Àpò mìíràn lè wà níbẹ̀.

Ẹ rọra gbẹ́ agbárí, nítorí àpò lè ti jẹ́ kí egungun fẹ́lẹ́. Ibi tí ọpọlọ ti fẹ́lẹ́ jù ni kí ẹ là, kí ojú ibẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbú àpò náà. Ojú tó há ló sábà ń bẹ́ ẹ. Ẹ má fi iná bípólà (irinṣẹ́ iná tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) kan ara àpò náà. Ẹ ti kátítà rírọ̀ (ọ̀pá róbà tín-ín-rín) sáàárín òun àti ọpọlọ, kí ẹ máa fi sírínjì rọ omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, yíká yíká. Kí wọ́n wá tẹ apá tábìlì tí orí ọmọ wà wálẹ̀. Àpò náà fúnra rẹ̀ ni yóò yọ bí ìgbà tí obìnrin bá ń bímọ. Ẹ má fà á.

Bó bá bẹ́, ẹ yára fa omi rẹ̀, ẹ kó awọ rẹ̀ tán, ẹ fi omi iyọ̀ 3% fọ ibẹ̀. Formalin, oògùn olóró tó ń pa aràn, kò gbọdọ̀ kan ọpọlọ.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ á ti máa kí ara wọn kú iṣẹ́ nígbà tí wàhálà kejì ń bọ̀. Ihò ńlá ló kù sílẹ̀. Ẹ fi omi iyọ̀ kún un kí ẹ tó rán awọ ọpọlọ pa. Bí ọpọlọ bá wó sínú rẹ̀, òpójẹ̀ tó so ó mọ́ awọ lè já, ẹ̀jẹ̀ á sì dà síbẹ̀. Kí ọmọ dùbúlẹ̀ gbalaja fọ́jọ́ bíi mélòó kan.

Albendazole, oògùn aràn: 10 sí 15 mg fún kílò kan lójúmọ́, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, kó má kọjá 800 mg, pẹ̀lú oúnjẹ ọlọ́ràá. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ wò. Bí àpò bá bẹ́, dandan ni. Bó bá jáde lódidi, àwọn dókítà kan kì í fún ọmọ ní oògùn náà. Èmi ò fara mọ́ fífún un ṣáájú iṣẹ́ abẹ, torí ó lè sọ awọ àpò di ẹlẹgẹ́.