Olóríkunkun Kọ́ Lọmọ Rẹ, Eyín Ló Ń Dùn Ún

Ìyá tó kọ̀wé láti Ìlódè, nílé-Ifẹ̀, o ní ọmọkùnrin rẹ tó máa pé ọdún 6 láìpẹ́ kì í fẹ́ fọ eyín. O ti ra búrọ́ọ̀ṣì oríṣiríṣi àwọ̀, pàṣán lo wá ń fi bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀ báyìí, ìyá ọkọ rẹ sì ní kí o padà sí orín. Ìbéèrè rẹ ni pé ọṣẹ ìfọyín wo ló dùn, tí kò fi ní máa ké mọ́.

Láàárín ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, o sọ gbólóhùn kan, o sì yára kọjá lórí rẹ̀: "Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń fi apá ọ̀tún nìkan jẹun. Tó bá jí sunkún lóru, mo máa ń fún un ní Panadol, ṣùgbọ́n eyín tó máa ká náà ni."

Mo ka ibẹ̀, mo tún un kà. Oṣù méjì! Ọmọ tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun, tó ń jí sunkún lóru, akokoro ló ń bá a jà. Búrọ́ọ̀ṣì tí ò ń tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu ń kan ojú ibi tó ń dùn ún gan-an. Ó ń sá fún ìrora, o gbé pàṣán. Ṣé o tilẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Níbo ló ń dùn ẹ́?" Ẹ̀tẹ̀ lo fi sílẹ̀ tí ò ń pa làpálàpá.

Gbàgbé ọṣẹ dídùn ná. Ifẹ̀ lò ń gbé. Ilé ìwòsàn eyín ti OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà níbẹ̀. Àwọn kan ń wọkọ̀ láti Iléṣà wá síbẹ̀. Gbé ọmọ náà lọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí o gbé e lọ. Panadol ń mú ìrora rọlẹ̀, kì í dá ohun tó ń jẹ eyín dúró. Má sì lọ ra kápúsù ní kẹ́mísítì.

Ọ̀rọ̀ "eyín tó máa ká náà ni" yìí ló ń bí mi nínú jù, nítorí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ṣáá. Lóòótọ́, eyín 20 tí ọmọ kọ́kọ́ hù yóò ká. Ṣùgbọ́n ti iwájú ló ń kọ́kọ́ ká, ní nǹkan bí ọdún 6. Àwọn ńlá ẹ̀yìn tó fi ń lọ ẹran kì í ká títí ọmọ á fi tó bí ọdún 10 sí 12. Ṣé títí di ìgbà yẹn lo fẹ́ kó máa fi apá kan jẹun? Bí ìdí eyín náà bá kẹ̀, ó lè ba èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá sì ní láti yọ ọ́ ṣáájú àkókò, àwọn tó kù lè sún dí ààyè rẹ̀, èyí tó yẹ kó hù síbẹ̀ á wá wọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá kan máa ń hù sí ẹ̀yìn pátápátá nínú ẹnu, láìsí pé ọ̀kankan ká fún un. Àwọn ìyá máa ń rò pé òun náà á ká. Kò ní ká. Òun lọmọ rẹ máa fi jẹun títí ọjọ́ alẹ́, ó sì lè ti máa yọrí báyìí.

O sọ pé àárọ̀ lẹ máa ń jà. Alẹ́ ńkọ́? O ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ohun tó o sọ ni pé tó o bá ti ìsọ̀ dé, Milo àti bisikíìtì ló fi ń sùn. Tí ọmọ bá sùn, itọ́ tó ń ṣan ẹnu máa ń dín kù. Ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ eyín á wà níbẹ̀ di àárọ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu á sọ ọ́ di omi kíkan, èyí ló sì ń jẹ eyín. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló yẹ kó fọ eyín, ṣùgbọ́n ti alẹ́ ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, omi lásán nìkan ló kù fún un.

Bí wọ́n bá ti tọ́jú ibi tó ń dùn ún, ìwọ ni kí o máa fọ̀ ọ́ fún un títí á fi tó ọdún 7 tàbí 8. Jókòó sórí àpótí, jẹ́ kó dúró sáàárín orúnkún rẹ kó gbórí lé ọ láyà. Fi ọwọ́ òsì gbé ètè rẹ̀ sókè, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí o wo eyín náà dáadáa. Bí o bá rí ìlà funfun bí ẹfun létí ibi tí erìgì pàdé eyín, akokoro ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọṣẹ tó ní fluoride, èròjà tó ń mú eyín le, ni kí o lò, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan. Fún àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 2, ìwọ̀n hóró ìrẹsì. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 2. Kó tu ìfófó dànù, ṣùgbọ́n má fún un lómi fi yọ ẹnu, kí fluoride lè dúró lára eyín.

Ìyá ọkọ rẹ ò ṣe ohun tó burú. Orín dára lọ́wọ́ àgbà tó mọ̀ ọ́n run. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kì í gbé e dé ẹ̀yìn ẹnu, orín àtà sì lè mú ojú ibi tó ń dùn ún kú, kí ẹ rò pé ó ti san. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa run tiwọn lálẹ́ níwájú ọmọ, kí ìwọ máa ki oríkì rẹ̀ fún un bí o ṣe ń fọ̀ ọ́. Kí o tó kì í tán, ìṣẹ́jú 2 á ti pé.

Kí ẹ tó jáde nílé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, bẹ ọmọ náà. Sọ fún un pé o ò mọ̀ pé ó ń dùn ún ni. Kí o sì mú àbúrò rẹ̀ dání, kí wọ́n yẹ ẹnu tirẹ̀ náà wò.