"Murmur": ṣé sísọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, tàbí kíkùn?

Ìbéèrè: Ìyá kan ní Àkúrẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin lọ sí ọsibítù nítorí ibà. Dókítà gbọ́ àyà ọmọ náà, ó kọ "murmur" sínú káàdì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, ó sì kà á jáde pé "láti sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́" ni. Ìyá wá ń bèèrè pé, ta ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú àyà ọmọ òun?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìwé náà kò purọ́, ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ló mú, ó fi gbòǹgbò sílẹ̀. Ìró ni murmur kó tó di ọ̀rọ̀ sísọ. Ìró tó lọ sílẹ̀ ni, tó ń lọ láìdúró, tí etí ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí a kò lè já sí gbólóhùn kankan. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Kùn ni.

Oyin ń kùn nínú ihò igi. Eṣinṣin ń kùn lórí ẹran. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kùn ní òru. Ẹni tí inú ń bí, tí kò rójú sọ ọ́ síta, òun náà ń kùn. Ọ̀nà kan náà ni murmur rìn. Látìn ló ti wá, ó gba inú Faransé wọ Gẹ̀ẹ́sì, ìró ẹnu lásán ni wọ́n sì sọ lẹ́ẹ̀mejì tó fi di ọ̀rọ̀, mur-mur, bí àwa náà ṣe ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Bí èèyàn bá dúró ní Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́ yín níbẹ̀, tó ń gbọ́ Ọjà Ọba lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò lè mọ ẹni tó ń ná ata yàtọ̀ sí ẹni tó ń pe ọlọ́kadà, ohun tó ń gbọ́ yẹn, murmur ni. Ìró odò Àlà lára òkúta, murmur náà ni.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wá kan èèyàn, ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ máa wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ti ń ṣubú. Bí "against" bá tẹ̀ lé murmur, ẹ̀hónú ni: wọ́n ń kùn sí ẹnìkan. Àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe òléwájú rẹ̀ tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, mọ èyí dáadáa. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì "kùn" sí Mósè nínú aginjù, bẹ́ẹ̀ náà ni "ìkùnsínú" wà nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Fílípì. Wọn kò fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ síbẹ̀, nítorí ẹni tí ebi ń pa nínú aginjù kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n bí "to" bá tẹ̀ lé e, ìbínú ti kúrò níbẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, bí ìgbà tí ìyá gbé ọmọ pọ̀n tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tí kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde ló jẹ́ ọ̀rọ̀. Ti ìfọwọ́sí náà wà, "murmur of approval": àgbà kan sọ̀rọ̀ tó wọlé nípàdé, gbogbo ilé ń dáhùn "hẹn-ẹn, hẹn-ẹn" láìla ẹnu. Tí wọ́n bá sì ní ẹnìkan ṣe nǹkan "without a murmur", ó ṣe é láì janpata ni.

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gan-an, whisper ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ìyàtọ̀ òun àti murmur wà nínú ọ̀fun, ó sì ṣe é fọwọ́ bà. Ẹ fi ìka méjì lé gògóńgò yín. Ẹ sọ "ọkọ̀" bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ibẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ kùn, "hùùùn": ó ṣì ń gbọ̀n. Ẹ wá sọ "ọkọ̀" náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń sọ ọ́ sí ẹlòmíràn létí. Gbígbọ̀n dáwọ́ dúró, èémí nìkan ló ń kọjá.

Gbígbọ̀n yẹn ló ń gbé ohùn wa. Bó bá yára, ohùn òkè la gbọ́. Bó bá falẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí mọ́, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pàdánù nínú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò tó nǹkan, nítorí kì í ṣe ohùn ni wọ́n fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Àmọ́ obìnrin tó bá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí pé "ọkọ̀ mi ti bàjẹ́", tí kò sì ti sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ṣáájú, ó lè dá ìjà sílé onílé. Ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Yorùbá, kó fi ọ̀rọ̀ gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀: "ọkọ̀ tí mo fi ń ná Oǹdó yẹn, ó ti bàjẹ́."

Àṣà wa kò sì fẹ́ràn rẹ̀ láàárín èrò. Ẹni méjì ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́, ẹni kẹta ti gbà pé òun ni wọ́n ń sọ. Níbi ìdána, bí ẹbí ìyàwó bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ yanjú láàárín ara wọn, wọn kì í jókòó síwájú àna kí wọ́n máa fẹnu ko etí. Wọ́n á ní "Ẹ fún wa láàyè díẹ̀", wọ́n á sì bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ fikùn lukùn. (Ikùn tó jẹ́ inú nìyẹn o, kò bá kùn tan.) Ibi tí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ni iwájú babaláwo. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò á mú owó, á gbé e sún mọ́ ètè, á sọ ohun tó bá a wá sí i, á sì gbé e kalẹ̀. Babaláwo kò gbọdọ̀ gbọ́, torí Ifá ló yẹ kó sọ ọ́. Bó bá pariwo, etí babaláwo ló ṣe àyẹ̀wò, kì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀. Níbẹ̀, bí ohùn bá tilẹ̀ pòórá, kò séwu, owó kì í ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Mutter àti mumble kò le. Mutter ni ti ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ètè, ìbínú sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Mumble ni ti ẹni tó ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́nu, tí ẹ ó máa bi pé "Kí lo wí?"

Ó wá ku àyà ọmọ. Ọkàn ní ilẹ̀kùn mẹ́rin tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Méjì-méjì ni wọ́n ń tì, ìró títì wọn ni dókítà ń gbọ́: gbì-gbì, gbì-gbì. Ó yẹ kí ààrin wọn dákẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru gùdù bó ṣe ń kọjá, ìró bí "fùùù" á wà láàárín gbì méjèèjì, bí omi ṣe ń dún nígbà tí a bá fi ìka há ẹnu rọ́bà. Ìyẹn ni murmur. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni: ibà ń fà á, àìtó ẹ̀jẹ̀ ń fà á. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló sì ní in láìsí àrùn kankan. Ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan há tàbí kò tì dáadáa, tàbí pé ihò wà níbi tí kò yẹ kí ihò wà.

Bí ẹ bá rí 2/6 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú káàdì, kì í ṣe máàkì ìdánwò. Bí ìró náà ṣe lágbára tó ni wọ́n fi ń wọ̀n, láti 1 dé 6. Etí tó mọṣẹ́ nìkan ló ń gbọ́ 1. Láti 4 lọ, ọwọ́ tí a gbé lé àyà pàápàá á mọ gbígbọ̀n rẹ̀ lára. Èyí tí kò ní àrùn nínú sábà máa ń jẹ́ 1 tàbí 2, àmọ́ nọ́ńbà nìkan kò tó fi dájọ́.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún bàbá ọmọ pé ọkàn ọmọ ń ráhùn. Ẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń kùn bó ṣe ń gba inú ọkàn kọjá. Bí ibà bá ti lọ pátápátá, ẹ gbé e padà kí wọ́n tún un gbọ́, torí èyí tí ibà fà sábà máa ń bá ibà lọ. Ẹ má dúró de ìgbà yẹn bí ètè tàbí ahọ́n ọmọ bá ń dúdú bí aró, bó bá ń mí gúlegúle, bó bá ń dákú, tàbí bí kò bá sanra bó ṣe yẹ. Ti ọmọ ọmú, ẹ wò ó bóyá ó ń làágùn bó ṣe ń mu ọyàn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ohun tí ẹ ó bi í ni pé: "Ṣé kíkùn lásán ni, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀ wò?"