Èsì: Ọmọ aláta àti ọ̀rọ̀ sísọ
Ìyá wa, ẹ béèrè bóyá ọmọ aláta Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ yóò pẹ́ sọ̀rọ̀ ju ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Lóòótọ́, ìwádìí Hart àti Risley, àwọn onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé ní Amẹ́ríkà, lórí ìdílé 42 ní Kansas, tó jáde ní 1995, sọ pé ọmọ tálákà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ọmọ ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí òbí ń bá ọmọ sọ ni wọ́n gbájú mọ́, kì í ṣe ti ìyá àgbà àti aládùúgbò tó kún agboolé wa. Ohun tó ń dùn mí ni òbí tó ń retí kí ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹ máa fi Yorùbá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń wọn ata. Bí kò bá sọ ọ̀rọ̀ kankan ní oṣù 18, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.