Ilé búrẹ́dì n'Íbàdàn, ẹ̀yin ní Houston: ẹ rí lọ́yà kí orúkọ tó wọ CAC

Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín: ẹ fẹ́ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ n'Íbàdàn, àbúrò yín ọkùnrin ni yóò máa bójú tó o, ẹ ti fi owó ààrò ránṣẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí àbúrò kúkú fi orúkọ ara rẹ̀ gba ìwé lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ná, kí ẹ má baà náwó sórí lọ́yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. N kò pe àbúrò yín lólè o. Ìwé CAC kò mọ ẹni tó fowó ránṣẹ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìpín ilé-iṣẹ́ ló mọ̀. Bí àbúrò bá wọ gbèsè, tàbí, ká má rí i, bó bá ṣaláìsí, àwọn tó jẹ ní gbèsè tàbí ìyàwó àtọmọ rẹ̀ ni ìpín yẹn lè kàn.

Ojú mi ti rí i. Maryland l'Amẹ́ríkà ni mo wà. Ní 2021, mo fún ejẹ́ǹtì kan lówó kó bá mi forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí dé, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, gbogbo wa dúpẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mo dúró ní kíṣìnì lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sójú ewé ìwádìí CAC, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: INACTIVE. Kò sẹ́ni tó fáìlì annual returns rí, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún. Nígbà tí lọ́yà tí mo wá gbà yọ status report, àkọsílẹ̀ CAC nípa ilé-iṣẹ́ náà, jáde, orúkọ ejẹ́ǹtì yẹn fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀ bíi dáírẹ́kítọ̀ kejì. Oṣù mẹ́jọ la fi tún un ṣe.

Fífi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kọ́ niṣẹ́ lọ́yà. Tèmi kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tó fi bi mí ní mẹ́ta: Owó ta ni? Ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé báńkì? Bẹ́ ẹ bá jà lọ́la, ta ni yóò jáde, èló lẹ ó sì fún un? Èmi àtàbúrò mi kàn ń wojú ara wa lórí Zoom. Inú ìdáhùn wa ló ti kọ àdéhùn: àbúrò mi yóò máa gba ìpín 5 nínú 100 lọ́dọọdún, fọ́dún mẹ́rin tó bá fi ṣiṣẹ́, títí yóò fi pé 20. Àdéhùn yẹn ti ṣe wá láǹfààní ju ìwé-ẹ̀rí lọ.

CAMA 2020, òfin ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá Ltd sílẹ̀, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí gbèsè rẹ̀ yàtọ̀ sí gbèsè yín, ẹ ò nílò orúkọ kejì. Business name rọrùn lóòótọ́, àmọ́ gbèsè rẹ̀ gbèsè yín ni. NIN yín ni kẹ́ ẹ lò. Ẹni tí a bí lọ́mọ Nàìjíríà kì í pàdánù jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà torí pé ó gba páásìpọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ páásìpọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà lẹ fi sílẹ̀, wọ́n lè kà yín sí àjèjì, kí wọ́n ní kí owó ìpín ilé-iṣẹ́ má dín ní mílíọ̀nù 100 náírà. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré ti ọmọ onílùú, ẹgbẹ̀rún 100 tó.

Ní ti owó orí, FIRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, ti di Nigeria Revenue Service, òfin tuntun sì bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026. Ilé-iṣẹ́ kékeré kì í san owó orí lórí èrè, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fáìlì lọ́dọọdún. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú: "mi ò kúkú jẹ wọ́n ní nǹkan kan", ìtanràn sì ń ga lábẹ́lẹ̀. PAYE, owó orí tẹ́ ẹ ń yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ ó san án fún. Òfin tó wà tẹ́lẹ̀, Finance Act 2019, ka búrẹ́dì mọ́ oúnjẹ tí wọn kì í gba VAT, owó orí ọjà, lé lórí. Kéèkì àti mítípáì ńkọ́? Ẹ bi lọ́yà kẹ́ ẹ tó dá iye lé e.

Èyí tó ń já mi láyà jù lẹ ò béèrè rárá: ti Amẹ́ríkà. Bẹ́ ẹ bá ní green card tàbí ẹ jẹ́ ọmọ ìlú, IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, fẹ́ gbọ́ nípa owó yín níbi yòówù kó ti wọlé. Ẹni tó bá ní ìpín 10 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé-iṣẹ́ òkèèrè sábà máa ń fáìlì Form 5471, ìwé tó ń ṣàlàyé ilé-iṣẹ́ náà fún IRS. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, $10,000 ni ìtanràn fọ́ọ̀mù kan lọ́dún kan, ì báà jẹ́ pé ilé búrẹ́dì ò jèrè kọ́bọ̀. Bí gbogbo àkáǹtì òkèèrè tẹ́ ẹ ń fọwọ́ sí bá ju $10,000 lọ lápapọ̀ nígbàkigbà nínú ọdún, FBAR, ìwé tẹ́ ẹ fi ń sọ àwọn àkáǹtì yẹn fún ìjọba Amẹ́ríkà, náà di dandan. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Nàìjíríà, Amẹ́ríkà ò ní. Torí náà, ẹ tọ́jú rìsíìtì owó orí tẹ́ ẹ bá san nílé, òun lẹ ó fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Form 8832 tún wà, tí lọ́yà lè fi yí bí IRS ṣe ń wo Ltd náà padà, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kò lè mú un padà sẹ́yìn ju ọjọ́ 75 lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ rí lọ́yà kí ìwé tó jáde.

Ẹni tó bá ti ní àkáǹtì nílé fọ́dún pípẹ́ láìsọ, tax attorney, lọ́yà owó orí, ni kó kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe akáǹtáǹtì. Àṣírí ẹni lọ́dọ̀ lọ́yà ní ààbò òfin tí ti akáǹtáǹtì ò tó. Bí kì í bá ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Streamlined: ọdún mẹ́ta ti owó orí, ọdún mẹ́fà ti FBAR.

Lọ́yà tẹ́ ẹ bá mú nílé, ẹ gba nọ́ńbà tí Supreme Court fi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo stamp NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, lára ìwé rẹ̀. Ti Houston, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú ewé State Bar of Texas.

Owó ààrò tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ yẹn, ẹ wá rìsíìtì rẹ̀ lónìí. Lọ́yà máa fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ yá ilé-iṣẹ́ ni àbí ẹ fi ra ìpín, kẹ́ ẹ sì ní kí àbúrò kọ ọjọ́ tó gbà á àti iye tó jẹ́, kó fọwọ́ sí i.