Ṣé A Ṣì Lè Pe Èèyàn Ní "Subnormal"?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àǹtí màmá mi kàwé ní London nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, mo wá rí ìwé iléèwé wọn kan tí wọ́n kọ "ESN" sí, wọ́n ní "educationally subnormal" ni. Ṣé kì í ṣe ẹni tí màáàkì ẹ̀ kéré sí tàwọn tó kù ni? Ṣé mo lè lò ó fún ọmọ tí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó fọ́mọ kankan. Lóòótọ́, ohun tí ò tó bó ṣe yẹ kó tó ni "subnormal" túmọ̀ sí, àwọn dókítà ṣì lè lò ó fún ara tó tutù jù, ìyẹn ò bí ẹnikẹ́ni nínú. Tó bá ti dórí èèyàn, ó yàtọ̀. Ká ní ọmọ kan gba 45 níbi táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti gba 55, ó kéré sí tiwọn nìyẹn, ó sì lè gba 70 ní táàmù tó ń bọ̀. ESN kì í ṣe màáàkì rárá, orúkọ tí ìjọba England fi ń ya ọmọ sọ́tọ̀ ni, ó wà nínú òfin wọn láti 1945, ọmọ tí wọ́n bá sì ti fún lórúkọ yẹn, iléèwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà ń gbé e lọ, kì í sì í rọrùn fún un láti padà sáàárín àwọn tó kù.

Èyí tó dùn mí jù ni tàwọn ọmọ tí òbí wọn wá láti Caribbean, ìyẹn àwọn erékùṣù bíi Jamaica àti Grenada. Wọ́n pọ̀ láwọn iléèwé ọ̀tọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, torí ìdánwò IQ tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọgbọ́n orí wọn, èdè àti ìgbé ayé àwọn ọmọ òyìnbó ló bá mu. Ẹ wò ó, ní Jamaica, "pipe" ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ omi táwọn ará London ń pè ní "tap", ọmọ tó mọ nǹkan ọ̀hún dáadáa lè wá fìdí rẹmi nítorí orúkọ lásán! Bernard Coard, tíṣà ọmọ Grenada, tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé pẹlẹbẹ kan ní 1971, àwọn òbí sì fara ya. Òfin ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1981 ló wá pa orúkọ yẹn rẹ́.

Ní báyìí, "learning disability" ni wọ́n ń sọ ní Britain, ìyẹn fún ẹni tó ní ìṣòro láti lóye nǹkan àti láti kẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́ o, kì í ṣe fún ọmọ tí ìṣirò kàn le fún. Tọmọ tẹ́ ẹ ní lọ́kàn yẹn, ohun tẹ́ ẹ rí ni kẹ́ ẹ sọ: "kò tíì lè kàwé geere", "ìṣirò ṣì ń fún un níṣòro". Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kọ ìtàn àǹtí yín, ẹ kọ ESN bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ fi ọdún ẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀.