Orúkọ wo ló yẹ ọmọ tí a bá bí lásìkò Kérésìmesì, nígbà ọyẹ́?

Abíọ́dún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ó bá ọkùnrin àti obìnrin mu, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ l'Ákùúrẹ́ tí ò ní mọ̀ pé ìgbà ọdún ni wọ́n bí i. Bọ́dúndé àti Ọdúnayọ̀ náà dáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti òkèèrè, Noel tàbí Natalie; ọ̀rọ̀ Látìn tó jẹ mọ́ ìbí ni méjèèjì ti wá.

Ọyẹ́ gan-an ò ṣe é fi sórúkọ. Ìwé ìbí kì í sábà lo àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà: "Oye" lásán ni wọ́n máa kọ, oyè jíjẹ ni wọ́n sì máa kà á sí.

Àmútọ̀runwá ló ṣíwájú o. Bó bá fẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Bí ìwọ́ bá lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, Òjó tàbí Àìná. Abíọ́dún á wá tẹ̀ lé e.

Ọmọ 25 Oṣù Kejìlá, 1 Oṣù Kìn-ín-ní ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Àìsùn ọdún tuntun á ti mú pásítọ̀ mọ́jú, ẹ tètè bá a ṣàdéhùn. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare, ẹ ti rà á sílẹ̀ kí ọlọ́jà tó lọ ṣọdún.